Ẹni Tó Rọ Ẹmú Yìí

"Ẹ gbé e kúrò lẹ́nu rẹ̀! Mo ní ẹ gbé e kúrò!"

Igbe Ògúndìran ló gba gbogbo Ilé Ìyẹ̀wò kan. Ẹ̀rọ Agbóòórùn ti la ẹnu, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti sún mọ́ orí ìṣó tó so apá ẹmú náà méjèèjì pọ̀, ó ku bíńtín kó họ ọ́.

"Ẹ má bínú, Baba," ni Adémúwàgún, akọ̀wé òfin, wí. "Kò lè gbóòórùn irin láìjẹ́ pé ó họ díẹ̀ níbẹ̀."

"Kó lọ họ ọ́ nídìí! Ta ní í họ orí ìṣó? Ojú alágbẹ̀dẹ ló wà níbẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti họ ọ́ dànù, kí lẹ fẹ́ kí n wá máa wò? Ṣé kí n máa wo tiyín ni?"

Adémúwàgún rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ nǹkan lórí wàláà ọwọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà sì yí lọ sí ìdí ẹmú. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni akọ̀wé yìí o. Kì í jágbe mọ́ èèyàn, kì í rí àgbà kó má dọ̀bálẹ̀. Ohun tó ń bani lẹ́rù lára rẹ̀ gan-an nìyẹn. Láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti gbé e wá sórí Òkè Ajíbówú, ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn náà ló fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú omi.

Ẹ̀rọ náà fa èémí, ló bá sọ̀rọ̀: "Irin Òkè Ajíbówú. Èédú igi ayìn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún."

Ìbídùnní, obìnrin tó ni ẹmú, fọwọ́ bo ẹnu. Kò lè ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, awọ ibẹ̀ ń bó. Àmì tí wọ́n lù sí i lọ́rùn ọwọ́ ní ibodè ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti ń pọ́n. Ọjọ́ keje rẹ̀ lórí Òkè nìyẹn. Tí àmì yẹn bá pọ́n tán kó tó gba ilé, àwọn ẹyẹ irin tó ń rà bàbà lókè Ilé Ìyẹ̀wò kò ní í bèèrè orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e. Ìyá rẹ̀ wà ní ibodè lórí ẹní, ó ń wúkọ́. Wọ́n ti sọ fún un níbẹ̀ pé bí màmá náà bá fi padà sínú ọ̀rinrin ìsàlẹ̀, kò ní í lo oṣù kan.

"Àǹtí," ni akọ̀wé wí, ó ń ka wàláà rẹ̀, "ẹ̀rí tẹ́ ẹ jẹ́ ní ibodè rèé. Ẹ ní Ògúnmúyìwá, bàbá tó bí bàbá bàbá yín, ló fọwọ́ ara rẹ̀ rọ ẹmú yìí nílé iná kan lórí Òkè níbí. Ṣé ọ̀rọ̀ yín nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ mi ni, sà."

"Ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀. Ó ku Amọwọ́. Tí ọ̀rọ̀ Baba bá bá tiyín mu, ẹ gba ilé, ẹ̀yin àti màmá. Tí Baba bá ní ẹlòmíràn ló rọ ọ́, tàbí tí wọ́n ní àwọn ò mọ ọwọ́ náà..."

"Mo mọ ìyókù, sà. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́."

Ibi tí ayé dé nìyẹn. Ìwé ilẹ̀ ti bá Èkó rì. Àwọn tó ṣẹ́kù, ayédèrú wọn pọ̀ ju ojúlówó lọ. Wọ́n ní kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ mọ ọmọ onílẹ̀, kò tó ọdún kan táwọn kan ti ń ta ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò. Ìgbà náà làwọn ìgbìmọ̀ sọ pé irin nìkan ni kò mọ irọ́ pa. Ẹni tó bá ń fẹ́ ojú ilẹ̀ gbígbẹ, kó mú irin ìdílé rẹ̀ wá, kí á mọ ẹni tó rọ ọ́. Ẹ̀rọ á sọ ibi tí irin ti wá. Amọwọ́ á sọ ọwọ́ tó lù ú. Ọdún kejìlá rèé tí Ògúndìran ti wà lórí àga náà, bàbá rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ìbídùnní gbé ẹmú náà lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀.

"Àrọ́yè o, Baba."

"Ògún á gbè ọ́," ni Ògúndìran dáhùn kó tó mọ̀ pé òun ti lanu. Ó tún obìnrin náà wò. Ta ló tún ń kí alágbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀ láyé yìí? Lórí Òkè pàápàá, "ẹ káàárọ̀, sà" ni wọ́n ń kí i, bí ẹni ń kí olùkọ́. Ó na ọwọ́ òsì gba ẹmú, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń dì í mú, torí ọwọ́ ọ̀tún ni òòlù ń gbé.

Ẹmú náà bù ú jẹ nínú àtẹ́lẹwọ́.

Ó mọ ìbùjẹ yẹn. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Ó rọra sún irin náà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ló bá jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n wọn ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́. Ó gbé orí ìṣó sún mọ́ ojú. Ojú òòlù ti fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ ju ìkejì lọ, ó dà sí ọ̀tún, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹni tó fi ọwọ́ òsì lu irin ló lè lù ú bẹ́ẹ̀.

Kò yíjú wo ẹ̀yìn. Kò nílò rẹ̀. Irin Àkọ́kọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú gíláàsì: ẹmú ilé wọn, tí bàbá rẹ̀ fi gba ilẹ̀ lọ́jọ́ tí òfin dé, tí wọ́n kọ orúkọ bàbáńlá wọn sí lábẹ́ gàdàgbà gadagba: ỌWỌ́ ÒGÚNṢEÉYÍN. Òun ni wọ́n fi ń wọn ọwọ́ àwọn tó kù. Ilé mẹ́tàdínlógún ni Ògúndìran fúnra rẹ̀ ti gbé àdá tàbí ọkọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó wo ìṣó wọn, tó sì ní, "Ọwọ́ kan náà ni. Ẹ wọlé."

"Baba?" ni akọ̀wé pè. "Ṣé kò sí?"

"Iná yín yìí ń pa mí lójú. Ẹ jẹ́ n gbé e lọ sínú oòrùn. Kí obìnrin yìí bá mi jáde, mo ní ìbéèrè."

"Òfin gbà bẹ́ẹ̀, sà. Ìdajì wákàtí."

Lábẹ́ igi ọ̀dán ẹ̀yìn ilé, Ògúndìran jókòó sórí òkúta, ó ní kí Ìbídùnní náà jókòó. Obìnrin náà kọ̀, ó lóun á dúró.

"Ta ló kọ́ ọ ní àrọ́yè?"

"Bàbá mi ni. Wọn ò lu irin rí láyé wọn, Baba. Ibo ni èèyàn á dá iná sí lórí omi? Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjọ́ kan á jọ́kan, tí n bá fi lè dé orí Òkè, kí n má kí alágbẹ̀dẹ bí ará oko."

"Sọ ti Ògúnmúyìwá fún mi. Má fi ọ̀kankan pamọ́."

Ó sọ ọ́. Ó ní ọmọ etí ọ̀sà ni, apẹja ni wọ́n bí i fún, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn àwọ̀n. Ó fẹsẹ̀ rìn wá sórí Òkè yìí, ó lo ọdún méje lẹ́nu ewìrì. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Gbogbo àgbẹ̀dẹ tó kọ́kọ́ lọ ni wọ́n lé e, wọ́n ní ta ló máa ra irin tí wọ́n fi ọwọ́ òsì rọ. Ọ̀gá kan ṣoṣo ló gbà á. Ọ̀gá náà ní kó máa rọ ọ́, òun á máa tà á, ta ni yóò sọ fún alágbàṣe pé ọwọ́ òsì ló rọ ọkọ́ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tó gba ìyọ̀ǹda, ẹmú méjì ló rọ. Ó mú ọ̀kan lọ sílé. Ó fi ìkejì sílẹ̀ fún ọ̀gá, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kúrò nílé iná. Ọ̀gá yẹn bu omi inú ọpọ́n tí wọ́n ń rẹ irin gbígbóná sí, wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ lórí, wọ́n fún un ní orúkọ tuntun. Ògúnmúyìwá kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ o, Baba. Ilé iná ló sọ ọ́. Bàbá mi ní àwa kì í ṣe àlejò lórí Òkè, pé ọmọ ilé ni wá."

"Kí ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà?" Ògúndìran ti mọ ìdáhùn. Ó kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ ni.

"Ògúnṣeéyín. Ǹjẹ́ ẹ mọ ìdílé wọn? Bàbá mi ní tí n bá dé, kí n wá wọn lọ kí n lọ kí wọn."

Ojú ti Ògúndìran. Ojú tì í débi pé ó tẹrí ba, ó ń ṣe bí ẹni ń wo ìṣó.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọkùnrin yìí ti mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀. Bàbá rẹ̀ sọ fún un nígbà tó wà lọ́mọdé pé Ògúnṣeéyín ò fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, pé ó kà á léèwọ̀. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe máa fọwọ́ òsì lu ìṣó? Nígbà tó bèèrè ìdí tí ẹmú ilé wọn fi ń bu òun jẹ lọ́wọ́, bàbá rẹ̀ ní, "Ó ti gbó ni." Ó gba "ó ti gbó" yẹn mì, torí ó dùn ún gbé mì. Orí rẹ̀ ló jókòó lé fún ọdún méjìlá.

Kí ni kó wáá ṣe báyìí? Tó bá ní òun ò mọ ọwọ́ náà, wọ́n á yọ́ ẹmú yìí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, obìnrin yìí á gbé ìyá rẹ̀ padà lọ kú sínú omi, ẹnikẹ́ni ò ní í mọ nǹkan kan láéláé. Tó bá ní Ògúnṣeéyín ló rọ ọ́, ẹ̀rí Ìbídùnní di irọ́, omi náà ló ń lọ. Òtítọ́ nìkan ló lè gbà á. Tó bá sì sọ òtítọ́, wọ́n á nu orúkọ bàbáńlá rẹ̀ kúrò lábẹ́ gíláàsì. Wọ́n lè gba àga lábẹ́ òun náà. Mopélọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, tí oyún kẹrin wà nínú rẹ̀, á máa gbọ́ òwe lẹ́nu àwọn aládùúgbò nídìí ẹ̀rọ omi: ìdílé tó ń fi iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ ṣe fáàrí.

Ṣùgbọ́n ìtìjú ni gbogbo ìyẹn. Ìtìjú kì í ri èèyàn sómi. Ẹ̀jẹ̀ Ògúnṣeéyín ni wọ́n, ta ló máa lé wọn? Ògúnmúyìwá náà ńkọ́? Ẹni tó gba ìyọ̀ǹda nílé iná, tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n sọ lórúkọ, ọmọ Òkè ló jẹ́, kò sí alágbẹ̀dẹ kan lágbàáyé tó máa jiyàn ẹ̀.

"Ìbídùnní."

"Baba."

"Ó yá, jẹ́ ká wọlé. Ìdílé tó ò ń wá, ìwọ ti rí wọn."

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yé e, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń pè é ní bàbá mi, bàbá mi. Omijé bọ́ lójú Ògúndìran náà. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ bí kò ṣe fúyẹ́ rí láti ọdún méjìlá.

Nínú Ilé Ìyẹ̀wò, ó ní kí Adémúwàgún ṣí gíláàsì. Ó gbé Irin Àkọ́kọ́ jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹmú Ìbídùnní lórí tábìlì. Ẹmú méjèèjì jọra bí ìbejì.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Èmi Ògúndìran, Amọwọ́ Òkè Ajíbówú, mo wo ẹmú yìí. Ògúnmúyìwá ló rọ ọ́, bí obìnrin yìí ṣe wí. Òun náà ló rọ Irin Àkọ́kọ́. Kì í ṣe ọwọ́ bàbáńlá mi. Ọlọ́wọ́ òsì ló rọ méjèèjì, ẹ wo ìṣó."

Akọ̀wé tẹrí wo ìṣó, ó wò ó títí.

"Baba," ló wí nígbà tó yá, jẹ́jẹ́, "níbo ni wọ́n ti bí Ògúnmúyìwá?"

"Etí ọ̀sà ni, sà!" Ìbídùnní ló dáhùn, ayọ̀ ò jẹ́ kó dúró. "Apẹja ló bí i. Iṣẹ́ ló wá kọ́."

"Ilé iná ló tún un bí," ni Ògúndìran fi kún un. "Ó gba ìyọ̀ǹda. Wọ́n wẹ̀ ẹ́."

"Ìyẹn ò sí nínú ìwé òfin, Baba. Ẹni tí wọ́n bí lórí Òkè ni òfin wí. Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

"Mọ kí ni? Ẹni tó fi ọdún méje jẹ èéfín ilé wa?"

"Irin tí ará ìsàlẹ̀ rọ ò lè gba ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni." Ìka akọ̀wé ń rìn lórí wàláà. "Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Tiyín ò wúlò mọ́. Irin Àkọ́kọ́ náà ò wúlò mọ́. Baba, ilé mélòó lẹ ti fi Irin Àkọ́kọ́ wọ̀n?"

Àwọn ilé náà ń kọjá lójú Ògúndìran lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdá wọn, ọkọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ tí ìṣó rẹ̀ dà sí ọ̀tún. Iṣẹ́ ọdún méje.

"Mẹ́tàdínlógún ló wà níbí," ni akọ̀wé wí. "Pẹ̀lú ti yín, méjìdínlógún."

"Tèmi kẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ Ògúnṣeéyín ni wá! Gbogbo Òkè ló mọ̀!"

"Mo mọ̀, sà. Èmi náà mọ̀. Irin wo ló wà lọ́wọ́ yín tó jẹ́ pé ọwọ́ Ògúnṣeéyín ló rọ ọ́?"

Kò sí. Alágbẹ̀dẹ kì í tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sílé, ó ń tà á ni. Ohun kan ṣoṣo tí Ògúnṣeéyín fi pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹmú tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ.

"Ẹ dúró ná," ni Ògúndìran wí. "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Àgbà ló dé. Ẹ jẹ́ n tún un wò. Ó lè jẹ́ Ògúnṣeéyín náà ni, ó lè jẹ́..."

"Ọlọ́wọ́ òsì ló rọ méjèèjì, ẹ wo ìṣó," ni Agbóòórùn wí, nínú ohùn Ògúndìran gan-an. Ó ti gbọ́, ó ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ìgbìmọ̀.

Ìbídùnní ò sunkún mọ́. Ó gbé ẹmú bàbáńlá rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó dì í mú ní ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọkùnrin tó pè ní bàbá kò tíì tó wákàtí kan.

"Baba, ẹ ò bá ti parọ́," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, èmi àti ìyá mi nìkan la ò bá padà. A ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń rán lọ yìí, wọn ò mọ bí èèyàn ṣe ń lúwẹ̀ẹ́." Ó gbé aṣọ rẹ̀ sán, ó jáde lọ bá ìyá rẹ̀ ní ibodè kí àwọn ẹyẹ irin tó wá mú un.

Adémúwàgún dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dìde, ó fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá síwájú Ògúndìran. Òfin ní ẹni tó wọn irin ilé kan wọlé ni kó fi ohùn ara rẹ̀ pe ilé náà jáde kúrò lórí Òkè. Ilé kọ̀ọ̀kan lórí Òkè ló ní àpótí ohùn lára ògiri. Ilé tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ dáhùn kí wọ́n tó pe èyí tó kàn.

"Ti yín ló ṣíwájú, sà. Ẹ rọra."

Ògúndìran wo wàláà náà títí tí lẹ́tà inú rẹ̀ fi dàrú mọ́ ọn lójú. Lóde, oòrùn ọ̀sán ràn sórí Òkè, àwọn èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lọ́nà ilé ìwé. Ó sún ẹnu mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà.

"Ilé Ògúnṣeéyín."

Ohùn Mopélọ́lá dé látinú àpótí ilé, ó ń mí hẹlẹ bí aboyún tó sáré ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ariwo àwọn ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Baba mi! Ẹ̀yin lẹ̀ ń pè wá lórí ẹ̀rọ yẹn? Kí ló dé, ṣé ebi ti ń pa yín ni? Mo ti ń bọ̀ o, mo ti bu oúnjẹ yín."